Kò Tíì Lórúkọ

Sátidé ni mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì láti Cleethorpes,
nínú ọ̀rá omi, nínú páálí, lórí itan mi,
mo fi kóòtù bò ó bí ẹni gbé ọmọ tuntun la ọyẹ́ kọjá.
Ìyá arúgbó kan ní kí ni mo gbé.
Mo ní ẹja ni.
Ó rẹ́rìn-ín: “O ń gbé ẹja lọ sí Grimsby?”
N kò sọ fún un pé ẹja ni mò ń là níbi iṣẹ́,
láti aago mẹ́fà àárọ̀, ọ̀bẹ lọ́wọ́, bọ́ọ̀tù lẹ́sẹ̀,
òkú ẹja pẹrẹsẹ lórí tábìlì,
kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kọ oúnjẹ mi rí.

Èyí funfun, ó fi àwọ̀ ọsàn kọ ilà gbọọrọ sára,
ẹnu rẹ̀ gùn bí abẹ́rẹ́ aránṣọ.
Ojú irọ́ kan wà nítòsí ìrù rẹ̀, dúdú, róbótó,
èyí tó fi ń tan ọ̀tá jẹ.
Ọ̀tá wo? Àwa mẹ́ta péré la wà nílé.

Mo pa iná. Mo fi ìwé ìròyìn bo gíláàsì.
Mo jẹ́ kí omi ilé wa máa kán sínú omi àjò rẹ̀,
tó, tó, tó, fún wákàtí kan gbáko,
kí omi méjèèjì lè mọ ara wọn.
Nígbà tí èmi dé ìlú yìí, ta ló kán omi fún mi?

Mo yọ́ edé fírísà nínú ife tíì Fẹ̀húntọlá.
Ó bá mi jà. Ó jàre.
Edé ń rọ̀ wálẹ̀ bí òjò wínníwínní;
ẹja wò ó, ẹja yíjú.
Mo pa pọ́ǹpù kí omi lè dúró jẹ́ẹ́. Ó yíjú.
Mo fi oje aáyù rẹ edé, gbogbo ilé ń rùn,
àwa la bẹ̀rẹ̀ sí í pebi.
Mo pe Mista Pargeter tó tà á fún mi.
“Ó ń jẹ lọ́dọ̀ mi,” ló wí,
bí ìyá ọkọ tí ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀.

Ọmọ mi ní, “Dádì, kí là ń pè é?”
Mo ní kò tíì lórúkọ.
Ẹni tí kò tíì jẹun nílé ẹni, àlejò ẹnu ọ̀nà ni.
Málọmọ́ la pe èyí tó ṣáájú rẹ̀.
Ó lọ.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Nílé wa, ọjọ́ ìkómọ nìyẹn:
a ó fi iyọ̀ tọ́ ọmọ lẹ́nu, a ó fi omi tọ́ ọ.
Èyí tó ń gbé inú iyọ̀, tó ń mí omi,
kí ni n ó fi tọ́ ọ lẹ́nu?

Ní ọjọ́ kọkànlá, Danuta tá a jọ ń la ẹja
fún mi ní ìṣáwùrú òkun mẹ́ta nínú ọ̀rá,
ìkarahun wọn dúdú, wọ́n pa ẹnu dé pinpin.
Mo fi ọ̀bẹ iṣẹ́ ṣí ọ̀kan,
mo gbé e sáàárín òkúta, mo jókòó nínú òkùnkùn.
Ó yí i ká. Ó tún yí i ká.
Ó fi ojú òótọ́ wò ó.
Ó ṣá a lẹ́ẹ̀kan, ó sá sẹ́yìn bí olè,
ó padà wá. Ó fà á já.
Mo fọwọ́ bo ẹnu ara mi.

Ní àárọ̀ mo ní kí ọmọ wá ká sọ ọ́ lórúkọ.
Ó ní òun ti ń pè é lórúkọ láti Sátidé tó dé,
jẹ́jẹ́, nígbà tí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́.
Orúkọ wo?
Ó ní kí n lọ bi ẹja.